Rìsíìtì Káńsù Kì í Ṣe Àṣẹ: Ta Ló Ń Fún Ilé Ọtí àti Ilé Fàájì Láyè ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ?

Bí ilé ọtí tuntun bá ṣí sí àdúgbò kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù, ọ̀rọ̀ méjì lẹ máa gbọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Àwọn tó ń gbé nítòsí á ní, "Ta ló gbà wọ́n láyè?" Ẹni tó ni ilé ọtí á fèsì pé, "A ti sanwó ní káńsù." Ọ̀rọ̀ méjèèjì kì í pàdé, torí àṣẹ ni àwọn kan ń béèrè, owó lẹnì kejì fi ń dáhùn. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ là á kalẹ̀ bó ṣe yẹ, nítorí ẹni tó ń ta ọtí àti ẹni tí kò rí oorun sùn, òfin fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀tọ́ tí ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀ pé àwọn ní.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ìwé òfin bẹ̀rẹ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ní àfikún kan lẹ́yìn, Àfikún Kẹrin, níbi tí wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí ọjà, ibùdókọ̀, itẹ́ òkú, ilé ìpẹran, kẹ̀kẹ́ àti ọmọlanke. Ní ìpín (k), níbi tí wọ́n ti ń sọ ohun tí káńsù gbọ́dọ̀ máa mójú tó, wọ́n dárúkọ ṣọ́ọ̀bù àti kíósì, ilé oúnjẹ àti ilé búrẹ́dì, ilé ìfọṣọ, wọ́n wá fi títa ọtí kádìí rẹ̀. Káńsù ni yóò máa fúnni ní àṣẹ láti ta ọtí, òun ni yóò máa la ìlànà sílẹ̀ fún un, òun ni yóò sì máa kápá rẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìwé òfin kó lé káńsù lọ́wọ́ níbẹ̀. Gbígba owó kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Owó ní ibi tirẹ̀ tó ti wá. Ní 1998, ìjọba ológun ṣe òfin kan tó to oríṣiríṣi owó-orí àti owó-òde tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ lè gbà lọ́wọ́ aráàlú, kí ọwọ́ mẹ́ta má baà máa wọ àpò kan náà. Nínú ti ìbílẹ̀, owó ìwé àṣẹ ọtí wà níbẹ̀, wọ́n sì pín in sí méjì: ti ẹni tó ń ta á fún àwọn tó máa jókòó mu ún lójú ẹsẹ̀, àti ti ẹni tó ń ta èyí tí oníbàárà máa gbé lọ sílé. Owó àríyá àti dídí ọ̀nà náà wà níbẹ̀, a ṣì máa dé orí ìyẹn.

Oríṣi méjì tí ọtí pín sí yìí ló ń bí ọ̀pọ̀ wàhálà tí a kì í kíyè sí. Ìyá tó ń ta bíà ní kéréètì kéréètì ní ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí oníbàárà ń sanwó tó sì ń kó o sẹ́yìn ọkọ̀ lọ, àtàgbélọ ni tirẹ̀. Ẹni tó tẹ́ tábìlì àti àga ọ̀rá síwájú ilé, tó gbé fíríìsà síbẹ̀, tí ẹlẹ́ran ń yan ẹran lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àtàmu-níbẹ̀ nìyẹn. Kò sí àríyànjiyàn lórí àwọn méjì yìí. Àmọ́ ẹ wo ẹni tó wà láàárín. Ṣọ́ọ̀bù kan ń ta ọtí àtàgbélọ, ó gbé bẹ́ǹṣì kan síta torí àwọn oníbàárà kan fẹ́ mu ìgò kan kí wọ́n tó máa lọ sílé. Nígbà tó yá, bẹ́ǹṣì di mẹ́ta. Wọ́n ta tapólì sórí rẹ̀ nítorí òjò. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n síta nítorí bọ́ọ̀lù, wọ́n wá so sípíkà mọ́ ọn kí àwọn tó dúró lẹ́yìn lè gbọ́. Ẹnikẹ́ni ò padà lọ sí káńsù. Owó tí wọ́n ń san lọ́dọọdún kò yí padà, orúkọ tó wà lórí rìsíìtì kò yí padà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n gba àṣẹ fún kọ́ ni wọ́n ń ṣe mọ́. Lójú òfin, ẹni yẹn ń ta ọtí láìgba àṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jẹ káńsù ní kọ́bọ̀.

Ẹlẹ́mu ńkọ́? Alágbo paràga ńkọ́? Ọtí lọtí ń jẹ́. Àwọn òfin ọtí tí òyìnbó fi lélẹ̀ nílẹ̀ wa ya ọtí ìbílẹ̀ bí ẹmu sọ́tọ̀ sí ọtí ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n sì sọ ògógóró di èèwọ̀, tí wọ́n ń kó àwọn tó ń sè é lẹ́bàá omi lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ayé ìyẹn ti kọjá, ṣùgbọ́n ìwà tó fi sílẹ̀ kò tíì tán: títí dòní, ọ̀pọ̀ alágbo tó ń gbé ìgò paràga káàkiri gáréèjì gbà pé ẹni tó ní ilé ọtí ńlá nìkan ni ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ kàn. Àfikún Kẹrin kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Títa ọtí ló sọ.

Ó yẹ kéèyàn mọ káńsù ara rẹ̀, torí mo ti rí ẹni tó ń jà pẹ̀lú káńsù tí kò ní àṣẹ kankan lórí àdúgbò rẹ̀. Mẹ́sàn-án ni ìjọba ìbílẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìjẹ̀bú-Òde wà láyè tirẹ̀. Ìjẹ̀bú Nọ́ọ̀tù fi Ìjẹ̀bú-Igbó ṣe ibùjókòó, ti Nọ́ọ̀tù-Íìsì wà ní Àtàn, Ìjẹ̀bú Íìsì wà ní Ògbèrè, Òdógbolú wà ní Òdógbolú, Ògùn Wọ́tàsáìdì sì wà ní Àbígí. Ní Rẹ́mọ, Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Rẹ́mọ Nọ́ọ̀tù tó wà ní Ìṣarà ni. Nítorí náà, ilé ọtí tó wà lẹ́nu ọ̀nà Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè, Ìjẹ̀bú-Igbó ni ìwé rẹ̀ ti ń wá, kì í ṣe Ìjẹ̀bú-Òde. Èyí tó wà ní Ìlíṣàn nítòsí Babcock, ọ̀dọ̀ Ìkẹ́nnẹ́ ni. Iye owó kò sì dọ́gba láti káńsù dé káńsù, torí òfin ìbílẹ̀ tí àwọn kánsẹ́lọ̀ ibẹ̀ bá ṣe ló ń gé e. Bí ọ̀rẹ́ yín ní Ìperu bá sọ iye tó san, ẹ má fi ìyẹn bá káńsù Òdógbolú jiyàn.

Ta gan-an ló ń ṣe ìpinnu nínú káńsù? Ìwé òfin 1999 sọ ní orí keje pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ni yóò fi òfin gbé àwọn iṣẹ́ inú Àfikún Kẹrin lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ti àwa nìyẹn, àwọn tó wà ní Òkè-Mòsàn ní Abẹ́òkúta. Lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀ yẹn ni àwọn kánsẹ́lọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti wọ́ọ̀dù rẹ̀, ti ń jókòó ṣe òfin ìbílẹ̀. Alága àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló ń mú un ṣẹ. Ẹ̀ka ètò ìlera ń rán wolé-wolé wá wo ibẹ̀, ẹ̀ka tó ń rí sí owó wíwọlé sì ń kọ ìwé owó. Òṣìṣẹ́ owó yìí ni gbogbo wa mọ̀ jù, torí òun ló ń wá lọ́dọọdún. Kánsẹ́lọ̀ tó yẹ kó bi í pé ibo ni ilé ọtí náà wà, ta ló ń gbé lẹ́yìn rẹ̀, aago mélòó ló ń tì, ìyẹn la kì í rí. Lójú tèmi, àbùkù tó tóbi jù nínú gbogbo ètò yìí nìyí: iṣẹ́ tó yẹ kó jẹ́ ìpinnu ti di iṣẹ́ agbowó.

Ìpinnu gidi ní ohun tó ń wò. Wolé-wolé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í dúró sẹ́nu ọ̀nà. Á wọ ẹ̀yìnkùlé lọ wo ṣáláńgá, á wò ó bóyá ti obìnrin yàtọ̀ sí ti ọkùnrin, àbí ẹ̀bá ògiri aládùúgbò ni gbogbo oníbàárà ń lọ. Á wo kànga, á wo gọ́tà, á wo ibi tí omi ìfọ̀kọ́ọ̀bù ń dà sí. Á béèrè bóyá àwọn tó ń se ẹran ìgbẹ́ àti ẹja àrọ̀ níbẹ̀ ti lọ ṣe àyẹ̀wò ara wọn nílé ìwòsàn. Á wo bí ilé ìwé, mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe súnmọ́ ọn tó, àti bóyá ọ̀nà kan péré ni àwọn ènìyàn lè gbà sá jáde bí iná bá ṣẹ́. Lẹ́yìn èyí ni káńsù lè gbà, ó lè kọ̀, ó sì lè gbà á pẹ̀lú àdéhùn: pé kẹ́ ẹ máa tì í ní aago báyìí, pé kẹ́ ẹ gbé sípíkà wọlé, pé kẹ́ ẹ má ta fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, pé kẹ́ ẹ mọ ògiri sí ẹ̀yìn. Agbára láti la ìlànà sílẹ̀ tí ìwé òfin sọ nìyẹn. Káńsù tó bá fúnni ní àṣẹ láìdá àdéhùn kankan ti lo ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀, ó sì ti da ìyókù nù.

Ẹ wá wo ara ògiri ilé ọtí kan pẹ̀lú mi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà ilé iṣẹ́ ọlọ́tí àti àwòrán ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, wọ́n lẹ àwọn ìwé mọ́ra: ọ̀kan pupa rúsúrúsú, ọ̀kan ti sá, òmíràn ní òǹtẹ̀ aláwọ̀ búlúù. Bí ẹ bá súnmọ́ ọn, ẹ máa rí i pé owó ṣọ́ọ̀bù àti kíósì ni àkọ́kọ́ sọ, èkejì jẹ́ ti pátákó orúkọ, ẹ̀kẹta jẹ́ ìwé ìbéèrè owó tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní dìmáàǹdì nótíìsì, ìyẹn ni pé kì í tilẹ̀ ṣe rìsíìtì, gbèsè ló ń sọ. Kò sí èyí tó dárúkọ ọtí nínú wọn. Ẹni tó ni ibẹ̀ kò purọ́ nígbà tó ní òun ti sanwó ní káńsù. Ó san án lóòótọ́, owó mìíràn ló san. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ta ọtí, ẹ kó gbogbo ìwé yín sílẹ̀ lónìí kẹ́ ẹ kà á. Ẹ wo orúkọ káńsù, ọdún, nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀, ibi tí wọ́n kọ ohun tí owó wà fún sí. Bí ọ̀rọ̀ ọtí kò bá sí níbẹ̀, ẹ ò tíì gba àṣẹ ọtí.

Ìwé àṣẹ ọtí kì í ṣe ti ayérayé. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún un gbà, àkókò ìtúngbà yẹn ló sì ṣe pàtàkì jù fún àwọn tó ń gbé nítòsí, torí ìgbà yẹn ni ọwọ́ káńsù gùn jù. Ẹni tó bá dákẹ́ láti Oṣù Kìíní títí dé Oṣù Kejìlá, tó wá ń pariwo lẹ́yìn tí wọ́n ti tún ìwé náà ṣe, ó ti pẹ́ jù. Àmọ́ káńsù náà kò gbọdọ̀ fi ẹnu àwọn aládùúgbò nìkan ti ilé ọtí pa. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìwé òfin 1999 ní orí 36 sọ irú ohun kan náà: aláṣẹ tó bá fẹ́ ṣe ìpinnu tó kan ẹ̀tọ́ ènìyàn gbọ́dọ̀ fún un láyè láti sọ tẹnu rẹ̀ kó tó ṣe é. Ẹni tí wọ́n bá ti ilé ọtí rẹ̀ láìpè é, láìkọ ìwé sí i, láìsọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún un, lè gbé káńsù lọ sí ilé ẹjọ́ gíga, àwọn adájọ́ sì lè fagi lé ohun tí káńsù ṣe. Káńsù tó bá fẹ́ kí ìpinnu rẹ̀ dúró, kó tẹ̀lé ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú gan-an nìyí: ilé fàájì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé tí káńsù bá ti fún ni ní àṣẹ ọtí, orin, ijó, yàrá ìsùn, tẹ́tẹ́ àti gbogbo rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Òtẹ́ẹ̀lì ló kọ́kọ́ yẹ kéèyàn mẹ́nu bà, torí wọ́n pọ̀ láti Ṣàgámù Íntásénjì dé ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ Èkó ń fà á pé ta ló yẹ kó máa forúkọ òtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, kó sì máa fún wọn ní àṣẹ. Ní Oṣù Keje 2013, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Àbújá dá a pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ló wà. Nítorí náà, òtẹ́ẹ̀lì tó ní báà nínú ń bá ọwọ́ méjì ṣe pọ̀: ìpínlẹ̀ fún òtẹ́ẹ̀lì náà, káńsù fún ọtí tó ń tà. Bí ẹni tó ni ín bá fi ìwé kan bo èkejì mọ́lẹ̀, kò tíì parí.

Ariwo ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ní ìlànà lórí ariwo láti 2009, NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àyíká, ló sì wà fún un. Nínú rẹ̀, ilé gbígbé kò gbọdọ̀ gba ariwo tó ju 50 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ariwo) lọ lójú ọ̀sán, ati 35 lóru. Ní àdúgbò tí ilé gbígbé àti òwò àti ilé fàájì ti dàpọ̀, bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ojú pópó wa, 55 ni lọ́sàn-án, 45 lóru. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni òru bẹ̀rẹ̀ nínú ìlànà náà, títí di aago mẹ́fà àárọ̀. Kẹ́ ẹ lè mọ ohun tí iye wọ̀nyí jẹ́: bí ènìyàn méjì bá jókòó nínú yàrá tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ń lọ sí bí 60. Ìyẹn ni pé lóru, ohun tí òfin gbà kéèyàn gbọ́ nínú yàrá rẹ̀ kò tó ohùn ọ̀rọ̀ sísọ. Ilé ọtí wo ní Ìjẹ̀bú, tó gbé sípíkà dúró síta, ló wà nínú ìwọ̀n yẹn ní aago méjìlá òru ọjọ́ Jímọ̀? Ní ìpínlẹ̀ wa, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká, OGEPA, ló yẹ kẹ́ ẹ kọ̀wé sí lórí èyí, yàtọ̀ sí káńsù. Ìwé àṣẹ ọtí kò fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ láti pariwo. Bẹ́ẹ̀ náà ni kánsẹ́lọ̀ kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ ariwo kò kan òun rárá, torí ó lè fi aago títì àti ipò sípíkà ṣe àdéhùn nígbà tó ń fúnni ní àṣẹ.

Orin tí wọ́n ń lù náà ní olówó. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti 2022 sọ pé ẹni tó bá ń lo orin olórin níbi òwò gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ olórin náà tàbí ẹgbẹ́ tó ń gba owó fún wọn. Òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè wọ ilé ọtí yín wá, ẹ má rò pé káńsù ló rán an.

Tẹ́tẹ́ ńkọ́? Ẹ̀bá ilé ọtí ni kíósì lọ́tìrì sábà máa ń wà, ní ilẹ̀ tí a ti ń pe lọ́tìrì ní Baba Ìjẹ̀bú, orúkọ tí òwò Olóyè Késíńtìnì Adébùtù, ọmọ Ìperu-Rẹ́mọ, sọ di mímọ̀ káàkiri Nàìjíríà. Ní 22 Oṣù Kọkànlá 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a pé ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́, ó sì fagi lé òfin lọ́tìrì ìjọba àpapọ̀ ti 2005. Káńsù lè gba owó kíósì lọ́wọ́ wọn. Kò lè fún wọn ní àṣẹ tẹ́tẹ́.

Ọtí fúnra rẹ̀, NAFDAC ló ń rí sí bó ṣe dára tó. Òun ló bá àwọn tó ń ṣe ọtí inú ọ̀rá ṣe àdéhùn ní 2018 pé kí wọ́n jáwọ́ díẹ̀díẹ̀, òun náà ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í dí wọn lọ́wọ́ ní Oṣù Kejì 2024 kí ọ̀rọ̀ náà tó tún di fífà síwájú. Owó-orí tó wà lórí bíà láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pọn ọ́n, ìjọba àpapọ̀ ló ni í. A ní irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa, ní tòsí Ṣàgámù, ṣùgbọ́n káńsù ibẹ̀ kò gba kọ́bọ̀ nínú owó-orí yẹn. Àwọn ọlọ́pàá sì kì í fúnni ní ìwé àṣẹ ọtí. Wọ́n lè wọlé bí wọ́n bá fura sí ìwà ọ̀daràn, àmọ́ "owó láísẹ́ǹsì" tí ọlọ́pàá bá béèrè, kò sí ohun tó jọ ọ́ nínú òfin.

Ó ku àríyá, ìyẹn sì ni ìwà wa. Ìnáwó òkú, ìgbéyàwó, ìwúyè, ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún: ní òpin ọ̀sẹ̀, kánópì á gba ojú ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọlọ́kọ̀ á yí padà, aboyún tó ń lọ sílé ìwòsàn á gba ẹ̀yìn ilé ènìyàn kọjá. Nítorí èyí ni òfin 1998 ṣe fún káńsù ní owó àríyá àti dídí ọ̀nà. Ó túmọ̀ sí pé ẹni tó fẹ́ dí ọ̀nà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sọ fún káńsù, kó sọ ọjọ́ àti wákàtí, kí káńsù wò ó bóyá ọ̀nà mìíràn wà tí ọkọ̀ lè gbà. Agbára yìí kò kọjá ọ̀nà tí káńsù ní. Ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ bí èyí tó gba Ṣàgámù lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde dé Ọ̀rẹ̀, káńsù kankan kò lè gba owó kó fi kánópì dí i. Bí ọlọ́tí bá sì máa tajà níbi àríyá náà, tí kì í ṣe pé olóde ló ń pín in, àṣẹ ọtí ọjọ́ kan ló yẹ kó gbà. Ìlànà ọtí tí a jogún ní àyè fún irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àkókò tí èyí máa ń hàn jù ni ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà Ojúde Ọba, tí àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí á wọ aṣọ wọn wá kí Awùjalẹ̀, tí ìlú á kún, tí àwọn tó ń ta ọtí tútù á sì tẹ́ igbá láti ojúde ààfin dé àwọn òpópónà tó yí i ká. Ṣáájú ọjọ́ náà ló yẹ kí káńsù ti mọ àwọn tó máa tajà àti ibi tí wọ́n máa dúró sí. Ní Ṣàgámù àti àwọn ìlú Rẹ́mọ mìíràn, bí ààfin bá kéde Orò, àṣà ló ń ti ilé ọtí nígbà yẹn, kì í ṣe ìwé káńsù, ọ̀rọ̀ méjèèjì kò sì jọra.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ń gba owó náà. Ọ̀pọ̀ káńsù ń gbé iṣẹ́ owó gbígbà fún kọ́ńsọ́tántì, kọ́ńsọ́tántì á gba àwọn ọ̀dọ́ sí i, àwọn ọ̀dọ́ á wá pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ àti ṣéènì láti ti ṣọ́ọ̀bù pa. Òfin 1998 sọ gbangba pé aláṣẹ owó-orí tó yẹ nìkan ló lè dá owó lé ènìyàn, kó sì gbà á. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dènà lójú ọ̀nà láti gba owó kankan. Ó sì ní ẹni tó bá rú u lè san ₦50,000 tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí kó jẹ méjèèjì. Ìyá tó ń ta ọtí, bí ọmọdékùnrin kan bá bá a pé kó mú owó ọdún wá lọ́wọ́, ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé, "Ọmọ mi, mú ìwé rẹ wá kí n rí i. Mo máa san án sí báńkì lórúkọ káńsù, kẹ́ ẹ fún mi ní rìsíìtì." Ẹni tó bá sá fún ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe káńsù ló fẹ́ kó owó náà fún.

Àwáwí kan wà tí àwọn káńsù ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́: pé ìpínlẹ̀ ló ń gba owó àwọn, pé kò sí owó láti rán wolé-wolé kiri, pé agbowó ni àwọn gbọ́dọ̀ gbára lé. Ní 11 Oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a pé owó káńsù láti àpò ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ sí ọwọ́ káńsù tààrà, pé gómìnà kò sì ní ẹ̀tọ́ láti tú káńsù tí aráàlú dìbò yàn ká. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn, a dìbò yan àwọn alága àti kánsẹ́lọ̀ ní 16 Oṣù Kọkànlá ọdún kan náà. Kánsẹ́lọ̀ tó wà lórí àga, ará wọ́ọ̀dù kan ló jẹ́, àwọn ènìyàn ibẹ̀ ló dìbò fún un, ilé ọtí tó wà lójú pópó wọn sì wà lára iṣẹ́ tó ń gbowó fún.

Nítorí náà, bí ẹ̀yin àti ilé ọtí kan bá ní ọ̀rọ̀, ẹ má kọ́kọ́ pe ọlọ́pàá, ẹ má sì lọ da tábìlì rú. Ẹ kọ ìwé. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago tí ariwo bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí, lọ́jọ́ púpọ̀, kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ ní pàtó: pé kí wọ́n tì í ní aago mẹ́wàá, pé kí wọ́n gbé sípíkà wọlé, tàbí pé kí káńsù má tún ìwé wọn ṣe títí tí wọ́n á fi kọ́ ṣáláńgá. Ẹ gba ọwọ́ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò yín, CDA, kí alága àti akọ̀wé rẹ̀ fọwọ́ sí i pẹ̀lú yín, torí ìwé tí onílé mẹ́wàá fọwọ́ sí kò rọrùn láti jù sí igun. Ẹ kọ ọ́ sí olórí àwọn òṣìṣẹ́ káńsù, ẹni tí wọ́n ń pè ní HOLGA, ẹ fún kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín ní ẹ̀dà kan, ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí OGEPA bó bá jẹ́ ti ariwo. Kí ẹni tó gbà á lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sára ẹ̀dà tiyín, kẹ́ ẹ tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yin tó ń tajà náà, bí ìwé ẹ̀sùn bá dé, ẹ má fi ìbínú dáhùn. Ẹ béèrè ẹ̀dà rẹ̀, ẹ kọ èsì, ẹ sọ ohun tí ẹ ti tún ṣe, kẹ́ ẹ sì béèrè fún ọjọ́ tí káńsù máa pe ẹ̀yin àti àwọn aládùúgbò jókòó pọ̀. Oṣù Kẹwàá tàbí Ìkọkànlá ló dára jù láti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí káńsù tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìwé owó ọdún tuntun.